Owó Tí Kò Sí Nínú Báǹkì

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ẹgbẹ́ ṣèpàdé kí aránṣọ tó ráyè ṣí dúrọ́ọ̀ ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ti kú láti ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Ó ń fá pákó ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́ lọ́sàn-án, ó jókòó lórí àpótí pé òun fẹ́ sinmi díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ níyà. Ohun tí obìnrin náà kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ariwo ìfági dákẹ́, inú rẹ̀ sì dùn pé òun yóò lè gbọ́ ohun tí oníbàárà tó dúró níwájú òun ń sọ. Ó wọn apá oníbàárà náà tán, ó wọn àyà rẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó tó lọ wò ó.

Ìwé owó ẹgbẹ́ ni Alága ránṣẹ́ pé kó bá àwọn mú wá sípàdé. Ẹgbẹ́ náà kò tóbi. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìnlá tó wà lójú títì kan náà ló dá a sílẹ̀, nítorí gọ́tà. Gọ́tà iwájú wọn dí, òjò ńlá kan rọ̀, omi wọlé bá gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó dá wọn lóhùn níbi tí wọ́n lọ fẹjọ́ sùn. Wọ́n bá dáwó jọ, wọ́n gba òṣìṣẹ́, wọ́n kó gọ́tà. Owó ṣẹ́ kù. Atẹ̀wé tó dàgbà jù nínú wọn, tí wọ́n fi ṣe Alága, ní kí wọ́n má pín in, kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan máa mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà wá kún un lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú owó náà, gbogbo wọn yíjú sí gbẹ́nàgbẹ́nà, torí wọ́n ní òun nìkan ló máa ń wọn igi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gé e.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ ìwé náà. Ìwé ńlá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ le bíi pákó. Ó fi pẹ́ńsù iṣẹ́ rẹ̀ fa ìlà sí i: ọjọ́, ẹni tó mówó wá, iye tó mú wá, iye tó jáde, iye tó kù. Aránṣọ mọ ìwé náà dáadáa. Nígbà mìíràn tí ojú bá ń ro ọkọ rẹ̀, òun ló máa ń bá a ka àwọn nọ́ńbà náà sókè.

Lọ́jọ́ yẹn, ó ṣí i sójú ewé tó gbẹ̀yìn. Iye tó kù jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́wàá. Ó mú ìwé báǹkì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó wo ibi tí báǹkì kọ nǹkan sí gbẹ̀yìn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́rin ló wà níbẹ̀. Ó rò pé ewé kan ti lẹ̀ mọ́ ìkejì. Ó fi èékánná yà wọ́n wò, wọn kò lẹ̀. Lójú ìwé báǹkì náà, oṣù méjì géérégé kí ọkọ rẹ̀ tó kú, wọ́n gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlélúgba jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí i nínú ìwé ẹgbẹ́.

Ó yẹ gbogbo dúrọ́ọ̀ wò. Ó yẹ àpò aṣọ ọkọ rẹ̀ wò, àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àti inú agolo tó ń kó ìṣó sí. Nígbà tó di alẹ́, ó ṣe tíì, ó gé búrẹ́dì fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sì sọ nǹkan kan fún un. Kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọkàn obìnrin yìí mà le o. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó rò pé bóyá ẹkún náà ì bá ti wá ká ní òun kò ṣí dúrọ́ọ̀.

Inú ṣọ́ọ̀bù Alága ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, láàárín àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, níbi tí òórùn íǹkì kì í ti í kúrò. Aránṣọ ti múra ohun tí yóò sọ. Ó ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ nínú ọkàn rẹ̀ láti ilé: owó kan ti dín, mi ò mọ ibi tó lọ, ẹ fún mi láyè kí n máa san án. Onífọ́tò, tó jẹ́ akọ̀wé, ka orúkọ. Bábà tó ń gé irun lójú títì náà dìde, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa olóògbé. Má-mirí ni wọ́n ń pe bábà yìí, torí ohun tó máa ń sọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò lè parí rẹ̀, ó jókòó.

Alága bá gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ̀yin ará, ọwọ́ ọkùnrin yìí mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó wá owó rẹ̀ tì lọ́dọ̀ ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ mọ ìwé náà, ìkọ̀wé ọwọ́ ẹ̀ dára, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sì wà láàárín wa níbí. Lójú tèmi o, ẹ má jẹ́ ká gbé ìwé yìí kúrò nílé ẹ̀. Ká fi í ṣe akápò."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń tún aago ṣe tilẹ̀ nu ojú. Alága yíjú sí aránṣọ.

"Ìyàwó, èló ló wà lọ́wọ́?"

Aránṣọ ṣí ìwé. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka ohun tó wà nínú ìwé: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́wàá. Onífọ́tò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti parí nìyẹn. Nígbà tó ń rìn lọ sílé, ó ń dúró de ìgbà tí ẹ̀rù yóò bà á, ẹ̀rù kò bà á.

Láti oṣù tó tẹ̀ lé e ló ti ń san án. Tó bá ti di ọjọ́ karùn-ún oṣù, á kó owó ẹgbẹ́ tí àwọn èèyàn mú wá, á fi ẹgbẹ̀rún méjì tirẹ̀ kún un, á lọ sí báǹkì. Ti ẹgbẹ́ nìkan ló ń wọnú ìwé. Ti ẹgbẹ̀rún méjì náà, ó wá ojú ewé kan nínú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ojú ewé tí kò ní orúkọ lókè, ó ń fa igi kan síbẹ̀ lóṣooṣù. Ọgọ́fà igi ni yóò pé kó tó tán. Ó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan, kò tún un ṣe mọ́.

Ó ta ìfági oníná tí ọkọ rẹ̀ fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó rà, ó fi owó rẹ̀ san gbèsè pákó tí ọkọ náà jẹ. Ó fi ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta àwo, ẹni náà sì wọ ẹgbẹ́. Ó ń gba iṣẹ́ kọ́tìnnì, ó ń gba aṣọ ilé-ìwé, ó ń gba ṣòkòtò tí wọ́n fẹ́ gé lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ tí kò jẹ́ gbà tẹ́lẹ̀. Fọ́tò ọkọ rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ń jẹun, ó gbójú sókè, ó rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Ó yọ ọ́ kúrò, ó gbé e lọ sí yàrá ọmọ. Ọmọ náà rò pé ìbànújẹ́ ló fà á.

Ọdún tí ọmọ náà pé méjìdínlógún, wọ́n gbà á sílé-ìwé gíga níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ oògùn. Ọdún márùn-ún ni. Ó gbé ìwé ìgbaniwọlé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń gé lọ́wọ́. Aránṣọ kà á tán. Igi mọ́kànlélógún ló wà lójú ewé yẹn nígbà náà.

"Mi ò lè san án," ó ní.

"Màmá, ẹ ò tíì ṣírò ẹ̀."

"Mo ti ṣírò ẹ̀. Iṣẹ́ ò lọ déédéé."

Ọmọ náà kò bá a jà. Ó lọ kọ́ ti ọlọ́dún méjì, ó sì di ẹni tó ń ta oògùn nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, tó ń na ọwọ́ sókè mú ohun tí ẹlòmíràn bá kọ sínú ìwé. Láti ìgbà náà, ó máa ń kí ìyá rẹ̀ dáadáa, ó máa ń fún un lówó ní ìparí oṣù, kì í sì í jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọdún kẹta tí aránṣọ di akápò ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé. Ilẹ̀ kan ṣófo ní igun títì wọn. Ẹni tó ni ín fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé lókè òkun, ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni òun yóò gbà, àmọ́ kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú ìwé ẹgbẹ́, owó wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Onífọ́tò ti ya àwòrán ilé tí wọn yóò kọ́ síbẹ̀: ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà nísàlẹ̀, yàrá ìpàdé lókè. Ó gbé àwòrán náà yí ká, inú gbogbo wọn dùn.

Aránṣọ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tó wà ní báǹkì kò tó iye ilẹ̀. Tí wọ́n bá lọ gbà á ní ọ̀la, gbogbo rẹ̀ yóò tú.

"Ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀," ó ní.

Má-mirí ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣì máa wà níbẹ̀?"

"Owó náà. Ilẹ̀ kì í tán. Tí àìsàn bá dé ńkọ́? Tí iná bá jó ẹnì kan ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dúró ọdún mélòó kan."

Onífọ́tò fẹ́ bínú. Alága ló gbè sẹ́yìn aránṣọ. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún pẹ̀lú ìdí ẹ̀wù. Ó ní, "Akápò ló mọ ohun tó wà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe aránṣọ ní Kó-Ṣì-Wà-Níbẹ̀. Eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kéékèèké títì náà kò mọ orúkọ mìíràn fún un.

Oníṣòwò kan láti ibòmíràn ra ilẹ̀ náà, ó kọ́ ilé alájà méjì sórí rẹ̀, ó fi gíláàsì ṣe iwájú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Aránṣọ máa ń rí àwọn tó ti ń rán aṣọ fún láti kékeré, wọ́n á gbé àpò ilé gíláàsì yẹn kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n á kí i, wọ́n á fi àpò náà sápá kejì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n wó ilé tí ṣọ́ọ̀bù Má-mirí wà, ó sì lọ háyà yàrá kan nínú ilé gíláàsì náà. Ohun tó ń san lọ́dún kan níbẹ̀ ju ohun tó ti mú wá fún ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ́ ń dínkù. Ẹni tó ń tún aago ṣe ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní kò sẹ́ni tó ń béèrè àkókò lọ́wọ́ aago mọ́. Ẹni tó ń ta àwo kó lọ. Fóònù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onífọ́tò, ó wá ku fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé. Mẹ́rìnlá di mọ́kànlá, mọ́kànlá di mẹ́jọ. Báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó kan lóṣooṣù tí kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn tó bá ń lọ máa ń gba tiwọn dání. Wọ́n san owó ilé-ìwòsàn fún aránbàtà tó wà nínú wọn nígbà tó ṣubú. Aránṣọ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń kà á lọ́dọọdún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà ń kéré sí i.

Oṣù mélòó kan wà tí kò rí ẹgbẹ̀rún méjì náà san. Ọdún mẹ́wàá àti oṣù méje ló gbà á. Lọ́jọ́ tó san ti ìkẹyìn, òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin inú báǹkì tẹ òǹtẹ̀ síwèé, ó tì í padà sábẹ́ gíláàsì. Aránṣọ fi ìwé méjèèjì wéra lórí ìjókòó tó wà lẹ́nu ọ̀nà báǹkì. Wọ́n bára mu. Ó ti rò pé lọ́jọ́ náà òun yóò jókòó pẹ́ díẹ̀, bóyá òun yóò tilẹ̀ sunkún. Ó wo òjò títí tó fi dá, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fa igi tó gbẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú ìdí ṣòkòtò ẹnì kan tó ti sanra sí i.

Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, wọ́n ku márùn-ún: Alága, onífọ́tò, Má-mirí, aránbàtà àti òun. Wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn pín ohun tó kù, kí àwọn túká. Ohun tó kù jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé márùndínlọ́gọ́ta. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n pín in, Alága ránṣẹ́ pè é.

Alága ti ta àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà náà. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Orí àga lẹ́bàá fèrèsé ló jókòó sí nínú yàrá rẹ̀, igò oògùn mẹ́ta wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, jókòó. Ṣé o ti ti ilẹ̀kùn?"

"Mo ti tì í, Alága. Ṣé ara ń le?"

"A dúpẹ́. Èló ló kàn mí lọ́la?"

"Ẹgbẹ̀rún mọ́kànléláàádóje."

"Má mú un wá. Tìẹ ni."

Aránṣọ rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. "Ẹ óò fi ra oògùn, Alága."

"Kì í ṣe ọrẹ ni mo ń ta ọ́. Gbèsè ni." Ó fi ọwọ́ wá igò oògùn kan, ó dì í mú, kò ṣí i. "Ọdún tí ọkọ rẹ kú, mọ́tò ẹ̀rọ ńlá mi jó. Mo ti gba iṣẹ́ ìwé ìdánwò ilé-ìwé mẹ́fà, mo ti na owó tí wọ́n san sílẹ̀. Mo lọ bẹ ọkọ rẹ. Ó ní ìpàdé gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Mo ní ojú á tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹ̀fá pákó ẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní oṣù méjì péré, òun ò ní kọ ọ́ sílẹ̀, kí n tètè dá a padà kó tó di ìpàdé."

Aránṣọ mọ iye náà. Síbẹ̀ ó béèrè. "Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlélúgba."

Aago kan ń lọ nínú yàrá. Ọmọdé kan ń ju bọ́ọ̀lù lu ògiri níta.

"Ó kú, mi ò tíì rí i san," ni Alága wí. "Mo ní níjọ́ ìpàdé, tó o bá ti mẹ́nu bà á pé owó dín, n óò dìde sọ ọ́. O ò mẹ́nu bà á. O ka owó náà pé."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má gbé ìwé kúrò nílé mi. Kí n tó lanu rárá."

"Èmi ni."

"Kí ẹlòmíì má baà wò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìwọ lò ń san án. Ojú rẹ ni mo wò tí mo fi mọ̀. Mò ń sọ pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, n óò gbé e wá. Nígbà tó ṣe, mo ní o ti san púpọ̀, tí mo bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n á ní kí ló dé tí mi ò tètè sọ ọ́. Ó wá ń le sí i." Ó gbé igò náà sílẹ̀. "Ó ṣì ku ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínláàádọ́fà. Mi ò ní i."

Obìnrin náà wá ìbínú, ó dà bí ẹni tó na ọwọ́ sí orí pẹpẹ nínú òkùnkùn tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó dìde.

"Atẹ́gùn yìí ń tutù. Ṣé kí n bá yín pa fèrèsé dé?"

"Pa á dé," ni Alága wí.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọbìnrin rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga pálọ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, kò tíì bọ́ bàtà.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tanná?"

Aránṣọ sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dúrọ́ọ̀ títí dé orí fèrèsé. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó ń ka ìwé owó, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ọmọ náà dúró nínú ilé tí iná kò sí, ó ń gbọ́.

"Ìyẹn ni owó ilé-ìwé mi," ó ní nígbà tó tán.

"Apá kan nínú ẹ̀."

"Ẹ sọ fún mi pé iṣẹ́ ò lọ déédéé."

"Iṣẹ́ náà ò lọ déédéé."

Ọmọ náà jókòó. "Ṣé ẹ rò pé bàbá mi jí owó ni?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Láti ìgbà yẹn."

"Láti ìgbà yẹn."

"Ẹ ò sì sọ ọ́ kí n lè bá yín sọ pé irọ́ ni. Mi ò bá ti sọ ọ́, Màmá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mi ò bá ti sọ fún yín pé bàbá mi ò lè ṣe é."

Aránṣọ dìde, ó kọjú sí yàrá ọmọ náà láti lọ gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ wá. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má mú un kúrò lọ́dọ̀ mi," ni ọmọ náà wí. Kò pariwo. Ìyá rẹ̀ padà wá jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́rin pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù aránbàtà. Aránṣọ ti gba owó jáde, ó ti dì í sí ànfílóòpù márùn-ún. Kó tó pín in, ó ní òun fẹ́ ka ìwé fún ìgbà ìkẹyìn. Ó ka èyí tí wọ́n mọ̀, ó sì ka èyí tí wọn kò mọ̀: ọjọ́ tí owó jáde, ẹni tó gbà á, bí òun ṣe san án, ìdí tó fi ní kí wọ́n má ra ilẹ̀. Kò tọrọ àforíjì fún ọkọ rẹ̀, kò sì tọrọ fún ara rẹ̀. Ó kà á tán, ó pa ìwé dé.

Aránbàtà, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ san?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Kò wá sẹ́ni tó jẹ wá ní kọ́bọ̀."

"Ilẹ̀ ńkọ́?" ni onífọ́tò wí. "Ẹ mọ iye tí ilẹ̀ yẹn jẹ́ lónìí? Mo ya àwòrán ilé yẹn. Ó ṣì wà nílé mi. Ká ní ẹ sọ ọ́ níjọ́ yẹn, a ò bá wá owó tó kù kún un. A pọ̀ nígbà náà. Ṣebí mẹ́rìnlá ni wá."

"Òótọ́ ni," ni aránṣọ wí.

Ó dà bí ẹni pé onífọ́tò ń retí kó jiyàn. Má-mirí ń wo ilẹ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gba tòun, ó mú ànfílóòpù rẹ̀, ó jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Onífọ́tò náà fọwọ́ sí i. Ní ti ànfílóòpù Alága, aránbàtà ló fi ìka tì í sọ́dọ̀ aránṣọ, onífọ́tò kò sì sọ pé rárá. Aránṣọ kọ rìsíìtì fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, pé òun akápò san án fún òun aránṣọ. Aránbàtà fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, ó jáwọ́.

Aránṣọ gbé ànfílóòpù náà fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ka owó tó wà nínú rẹ̀, ó ní kò tó ti ìdajì ọdún kan nílé-ìwé yẹn mọ́ báyìí. Ó fi í sí báǹkì lórúkọ ara rẹ̀. Ó ní òun yóò ronú sí i. Ó ti ń jókòó pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lálẹ́, kì í ṣe pé wọ́n ń sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn á ní kí ó sọ nǹkan kan nípa bàbá òun, ìyá rẹ̀ á sì ronú, á rí ohun kékeré kan sọ: pé kò fẹ́ràn ṣúgà nínú tíì, pé ó máa ń fi pẹ́ńsù sẹ́yìn etí, á sì máa wá a kiri.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Alága kú. Aránṣọ lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n fún un lómi, ó mu ún. Ọ̀kan nínú wọn ní bàbá àwọn máa ń sọ̀rọ̀ akápò dáadáa. Ó ní ó ṣeun, ó dìde, ó lọ.

Má-mirí kò bá a sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ó máa ń gba òdìkejì títì kọjá. Lọ́jọ́ Ẹtì kan ó wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò dúdú kan lápá, ó ní ó gùn jù, ọmọ òun ló rà á fún òun nínú ilé gíláàsì. Aránṣọ ní kó wọ̀ ọ́ kí òun wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ mú etí ṣòkòtò náà ní ẹsẹ̀ kan, ó mú èkejì.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Má-mirí wí láti òkè.

"Hẹ̀n."

"Wọ́n ti tún fowó kún háyà mi."

"Mo gbọ́."

Ó dúró jẹ́ẹ́. Aránṣọ wọn ẹsẹ̀ kejì wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ìgbà wo ni kí n wá mú un?"

"Tó bá di ọ̀la. Ọ̀sán."

Ó bọ́ ṣòkòtò náà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó gbé e fún un, ó sì béèrè iye tó jẹ́. Aránṣọ sọ iye náà. Ó san án, ó dúró gba ṣéńjì rẹ̀, ó kà á, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.